Ọjọ́ Tí Ìyàwó Wa Pe Kànmí Lórúkọ

Ohun tí Kànmí Akínrẹ̀mí ń wá lọ́dún yẹn kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ: kó borí nínú eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìdíje Àwọn Mẹ́jọ. Kò ní òun fẹ́ gba ife. Kò ní òun fẹ́ di ọba snooker. Kó ṣáà borí ẹyọ kan, kí àwọn tó ń sọ pé oríire ló gbé e débẹ̀ lè wá nǹkan mìíràn sọ.

Ìdíje Àwọn Mẹ́jọ kì í ṣe ibi tí gbogbo ẹsẹ̀ ń wọ̀. Bí sáà bá ń parí lọ, wọ́n á ṣírò máàkì tí àwọn tó ń fi snooker jẹun kárí ayé ti kó jọ, àwọn mẹ́jọ tó bá wà lókè ni wọ́n sì máa ń pè. Ẹni kẹsàn-án, kó lọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Kànmí ló ṣe ipò kẹjọ, ohun tó sì fi ju ẹni kẹsàn-án lọ kò tó nǹkan téèyàn ń fi yangàn. Òfin wọn ni pé ẹni kẹjọ ni yóò bá ẹni kìíní gbá. Ẹni kìíní lọ́dún yẹn ni Desmond Crail, ará Scotland kan tó ti ń fi igi gún bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó bí Kànmí. Frame ni wọ́n ń pe eré kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ frame mẹ́jọ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló borí. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ.

Ó wá ṣe kòńgẹ́ pé Calgary ni wọ́n gbé ìdíje náà lọ, ìlú tí Adégbénga, ẹ̀gbọ́n Kànmí, ti ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà. Ilé rẹ̀ wà ní àdúgbò Taradale, basement ibẹ̀, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, ṣófo, Mọ́mì wọn sì ti wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn tó ṣètò ìdíje náà ti fún Kànmí ní yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mọ́mì ní hòtẹ́ẹ̀lì kí ni, ṣé òun ti kú ni? Ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì parí síbẹ̀.

Ẹ má rò pé Mọ́mì ti fẹ́ràn snooker tipẹ́ o. Ní Nàìjíríà, tábìlì yòówù tí wọ́n bá ti tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sí, tí wọ́n ń fi igi gún bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, snooker là ń pè é, ẹ̀yìn ilé ọtí ló sì máa ń wà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Mọ́mì fi gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gba ọmọ òun lọ́wọ́ snooker. Ọlọ́run kò dáhùn. Ìgbà tí Kànmí di ẹni tó ń wọ bow tie gbá a nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, Mọ́mì rọra yí àdúrà náà padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí tún kàn ni Títílọpẹ́, ìyàwó Adégbénga. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ètò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń gbé máìkì fún, wọn ì bá tilẹ̀ má gbé e fún un, nítorí ohùn rẹ̀ kò nílò máìkì. Ó ti forúkọ sílẹ̀ pé òun yóò máa fi ìjókòó han àwọn òǹwòran. Lọ́jọ́rú, ọkùnrin tó máa ń kéde àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ àìsàn ọ̀nà ọ̀fun. Brenda, òyìnbó obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ètò náà, gbọ́ bí Títílọpẹ́ ṣe ń pe èèyàn láti òpin gbọ̀ngàn kan dé èkejì, ó sì ní, “That one. Give her the cards.” Wọ́n kó káàdì fún un, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé ohun tó bá wà lára káàdì ni kó kà, kó má fi nǹkan kan kún un, kó má yọ nǹkan kan kúrò.

Ibi tí wàhálà ti wọlé nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Kànmí nígbà tí Títílọpẹ́ wọ ilé wọn. Bí ìyàwó tó gbẹ̀kọ́, kò pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ó wo bí awọ ara ọmọkùnrin náà ṣe dúdú tó ń dán, ó sì sọ ọ́ ní Adúmáadán. Láti ọdún méjìlá yẹn, Adúmáadán ni lórí fóònù, Adúmáadán ni lójúkojú, ó sì ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ. Kànmí náà ń pè é ní Ìyàwó wa, ó ń fi “ẹ” dá a lóhùn, wọ́n sì jọ ń pọ́n ara wọn lé bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀. Ọjọ́ tí ìyàwó ilé bá pe ọkọ rẹ̀ kékeré lórúkọ gan-an láàárín èrò, kí ẹ lọ gbé àga jókòó, ẹjọ́ ti dé.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ gbá a ṣe mọ́, snow ti bo gbogbo àdúgbò, oṣù kẹrin tilẹ̀ ni. Títílọpẹ́ ti wọ train lọ láti aago méje láti lọ fi ẹnu kọ́ káàdì rẹ̀. Mọ́mì ń gbàdúrà lókè, Adégbénga wà ní balùwẹ̀. Kànmí, tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ní kí òun bá wọn kó snow iwájú ilé, kí òun tó ṣe bẹ́ẹ̀ kí òun sún mọ́tò Ìyàwó wa sẹ́yìn díẹ̀. Mọ́tò náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi ń bá bọ́ọ̀sì àti train kiri kó tó rà á, ó sì ń pè é ní “ọmọ mi kejì”.

Ẹ rántí pé apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Kànmí ń gbé, apá ọ̀tún sì ni ní Calgary. Ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, mọ́tò yọ̀ lórí yìnyín, ó sì gbọ́ “gbàgà!” Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, agolo ike aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń kó pépà àti ìgò sí ti dojú délẹ̀. Ó wo ara mọ́tò. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ti jìn wọnú, ó ṣe kòtò tí odindi ẹ̀kọ tútù mẹ́ta lè jókòó sí. Orí Kànmí wú.

Ó yẹ kó wọlé lọ jẹ́wọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó yẹ kó wọlé lọ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó wo aago, ó wo Crail lọ́kàn rẹ̀, ó ní tí òun bá ti gbá a tán ni òun máa sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu snow, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ẹ mọ́ ojú kòtò náà títí tó fi tẹ́jú. Ẹni tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Beijing ló wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilé ní Taradale, tó ń fi snow di ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó gbé ojú sókè, ó rí Tamílọ́rẹ, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó fi imú tẹ fèrèsé.

“Uncle, are you making a snowman on Mommy's car?”

“Tamí, wọlé lọ jẹ cereal ẹ.”

“Can I tell Mommy?”

“Rárá o! Surprise ni.”

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Mọ́tò Adégbénga ni wọ́n gbé lọ, òun, Mọ́mì àti Tamí sì jókòó sí ìlà kejì. Kànmí dúró lẹ́yìn kọ́tìnì nínú kóòtù aláìlápá rẹ̀, igi rẹ̀ lọ́wọ́. Ohùn Títílọpẹ́ ró. Ó kọ́kọ́ pe Crail, ó fún un ní gbogbo oyè rẹ̀, àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Kànmí ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó wà. Inú rẹ̀ dùn sí ìyàwó wọn. Ìgbà náà ló gbọ́ tirẹ̀.

“And his opponent, from Ìjẹ̀bú-Igbó, Nigeria, number eight on this season's list: Kànmí Akínrẹ̀mí!”

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọdún méjìlá, kò tíì gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu obìnrin yìí rí. Kò sí Adúmáadán níwájú rẹ̀, kò sí ọkọ mi lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ náà jáde gbẹrẹfu bí ìgbà tí akọ̀wé kóòtù bá ń pe ọ̀daràn. Ohun kan ṣoṣo ló wá sọ́kàn Kànmí: Tamí ti sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ti mọ̀.

Ó jáde síbẹ̀ náà, kí ni kó ṣe? Ó wo ojú Títílọpẹ́ bóyá òun á rí àánú níbẹ̀. Títílọpẹ́ ń wo iwájú gangan, ó fún ẹnu pọ̀, kò ṣẹ́jú. Kànmí wo ìlà kejì. Mọ́mì ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wá dá a lójú pé ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí n fi ìyà jẹ yín, mi ò ní ròyìn bó ṣe gbá a láàárọ̀ yẹn tán. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ láti fojú sun bọ́ọ̀lù, ilẹ̀kùn mọ́tò ló ń rí. Bọ́ọ̀lù funfun, tí kò gbọ́dọ̀ wọ ihò, tọ pupa wọ ihò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi èyí tó rọrùn sílẹ̀, ó lọ ń wá èyí tó le. Crail, tí kò mọ nǹkan kan nípa agolo búlúù, ń gbá tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n máa dá eré dúró fún oúnjẹ ọ̀sán, Crail ti ní márùn-ún, Kànmí ní méjì, ojú sì ń ti òun fúnra rẹ̀ láti wo pátákó.

Yàrá kékeré kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un àti àwọn ẹbí rẹ̀. Kí Kànmí tó débẹ̀, ilé ẹjọ́ ti jókòó. Mọ́mì ti gba àga tó wà láàárín, wọ́n gbé fóònù síwájú. Gbogbo ẹbí tó ń wo eré náà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti ya bo WhatsApp. Bàbá Bándélé, olórí ẹbí wọn, ti fi ohùn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Mọ́mì sì ń tẹ èkejì lọ́wọ́.

“Ṣé kò sí o?” ni Bàbá Bándélé ń wí. “A gbọ́ tí ìyàwó Adégbénga pe Kànmí lórúkọ. Lójú gbogbo ayé! Kí ni wọ́n jọ fà? Ẹ má jẹ́ kó di ńlá o. Tí ó bá gba kí a fò wá, ẹ sọ.”

“Ìyá Tamí,” ni Mọ́mì wí, wọ́n ti pa fóònù, “mi ò ní kí o má bínú. Ọmọ mi lè ṣẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí lọmọ mi fi ṣe ọ́ tó tó kí o tú orúkọ ẹ̀ síta báyẹn?”

Títílọpẹ́ la ẹnu, kò tíì sọ̀rọ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Kànmí wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó nà gbalaja sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú bow tie lọ́rùn.

“Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Ẹ fi orí jì mí. Mo mọ̀ pé Tamí ti sọ fún yín. Snow ni mo fẹ́ kó, ilẹ̀ ló ń yọ̀. Màá tún un ṣe. Kí ẹ tó mọ̀, ó máa dà bí tuntun.”

“Tún kí ni ṣe?” ni Títílọpẹ́ bi í.

“Mọ́tò yín.”

“Mọ́tò wo?”

Kànmí gbé orí sókè láti ilẹ̀ tó wà. Ó wo ojú ìyàwó wọn, ó sì rí i, ó pẹ́ jù, pé obìnrin yìí kò mọ ohunkóhun tẹ́lẹ̀. Tamílọ́rẹ ló bá wọn fọhùn níkẹyìn. “I didn't tell her,” ni ọmọ náà wí, ó ń bínú. “You said it was a surprise.”

“Adúmáadán,” ni Títílọpẹ́ wí, “káàdì ni mo kà. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kún un. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ ẹnu mi pé kó pe orúkọ yẹn. Mi ò lè wo ojú yín, mi ò lè wo ojú Mọ́mì. Ẹ̀yin wá rò pé mo ń bá yín jà?” Ìgbà náà ni apá kejì ọ̀rọ̀ náà wá wọlé sí i létí. “Kí lẹ ṣe fún mọ́tò mi?”

Kànmí rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: agolo, kòtò, snow tó fi rẹ́ ẹ. Títílọpẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Dádì Tamí, ẹ gbọ́ ohun tí àbúrò yín wí? Mọ́tò tí mi ò tíì wà fún oṣù mẹ́ta!”

Adégbénga, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wúkọ́. Ó mu omi. Ó ní, “Hmm. Ó ga o,” ó sì ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Títílọpẹ́ kó káàdì rẹ̀, ó jáde, ó sì fi ìbínú ti ilẹ̀kùn. Mọ́mì pe Ìjẹ̀bú-Igbó pé kí Bàbá Bándélé má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n,” ni Kànmí wí.

“Gbá bọ́ọ̀lù ẹ ná,” ni Adégbénga fèsì, kò sì gbé ojú sókè. “A máa yanjú ẹ̀.”

Aago mẹ́ta, wọ́n tún padà sẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹ wo ipò tí Kànmí wà báyìí. Láàárọ̀, wọ́n pè é lórúkọ láìsí ìjà, ó ní ìjà ni. Ní báyìí ìjà ti wà lóòótọ́, káàdì kò sì yí padà. Orúkọ kan náà ni yóò tún gbọ́. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá káàdì Brenda ló ń sọ̀rọ̀ tàbí ilẹ̀kùn mọ́tò? Crail nílò frame mẹ́ta péré. Òun nílò mẹ́fà. Ó fi ojú sí àlàfo tó wà láàárín kọ́tìnì méjì, ó ń wo ẹ̀yìn ìyàwó wọn.

Títílọpẹ́ pe Crail tán. Ó wo káàdì rẹ̀. Ó gbé máìkì súnmọ́ ẹnu, ó sì dúró. Lójú ẹgbẹ̀rún kan èèyàn àti iná tẹlifíṣọ̀n, ó rọra ká síkẹ́ẹ̀tì mọ́ra, ó sì kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀. Láti orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló ti ka ohun tó wà lára káàdì, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

“Kànmí Akínrẹ̀mí!”

Àwọn òyìnbó rò pé ara ètò ni, wọ́n pariwo. Brenda wo ìwé ètò, kò rí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n lè máa ṣe é fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù. Mọ́mì yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Omi lé ròrò sójú Kànmí, kì í sì í ṣe ọmọkùnrin tó ń tètè sunkún. Ó jáde wá, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Títílọpẹ́, ó sì gbọ́ tó sọ láàárín eyín pé, “Ẹ lọ nà án. A máa sọ̀rọ̀ mọ́tò nílé.”

Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó gbá a bí ìgbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Ó jẹ frame àkọ́kọ́, ó jẹ èkejì, ó jẹ ẹ̀kẹta. Àwọn méjèèjì di márùn-ún márùn-ún. Crail jí, ó gba ọ̀kan. Kànmí gbà á padà. Crail tún gba ọ̀kan, Kànmí tún gbà á padà. Wọ́n di méje méje, ó wá ku frame kan ṣoṣo, èyí tí ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ yóò lọ sílé. Tamí ti sùn lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Mọ́mì, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bọ́ọ̀lù kan àti èkejì, ń gbàdúrà fún gbogbo wọn pátá.

Frame náà lọ títí ó fi ku bọ́ọ̀lù méjì lórí tábìlì, píńkì àti dúdú. Kànmí ń fi máàkì márùn-ún síwájú. Píńkì ló kàn, ó jìnnà, ó sì ní láti na gbogbo ara rẹ̀ sórí tábìlì kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Ó nà, ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀. Bó ti ń fojú sùn ún, etí kóòtù rẹ̀ nísàlẹ̀ rọra kan bọ́ọ̀lù dúdú. Kò tilẹ̀ kan án tán. Bọ́ọ̀lù náà mì díẹ̀, ó padà jókòó síbi tó wà.

Rẹfirí wà lódì kejì. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn rẹ̀. Crail ń mu omi lórí àga. Ní gbogbo gbọ̀ngàn náà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀, ẹni yẹn náà sì ni ọwọ́ rẹ̀ wà lórí igi. Kí aṣọ agbábọ́ọ̀lù kan bọ́ọ̀lù, foul ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni nínú òfin snooker. Kànmí mọ ohun tí yóò ná òun bí òun bá jẹ́wọ́: máàkì méje ni fún Crail, á fi méjì kọjá òun, píńkì á sì di ti Crail. Bí Crail bá gbá píńkì yẹn, tó jẹ́ máàkì mẹ́fà, wọlé, dúdú tó jẹ́ méje kò ní tó Kànmí láti fi lé e bá mọ́, ó tán. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yẹn ló ti fi snow bo ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀, ó sì ti jìyà rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Kò tún lágbára irú ẹ̀ mọ́.

Ó dìde. “Foul,” ló wí. “Kóòtù mi kan dúdú.”

Gbọ̀ngàn mí hàà. Rẹfirí wò ó, ó ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Ní ìlà kejì, Adégbénga bẹ̀rẹ̀ sí sún síhìn-ín sún sọ́hùn-ún lórí àga bí ẹni tí èèrùn wọ̀ láṣọ, débi pé Tamí jí.

Crail dìde, ó fi orí kí Kànmí, ó sì gbá píńkì. Bọ́ọ̀lù náà sáré lọ sẹ́nu ihò, ó lu ètè ọ̀tún, ó lu ètè òsì, ó sì jókòó síbẹ̀, kò wọlé. Kànmí kò jẹ́ kó tutù. Ó gbá píńkì wọlé. Ó gbá dúdú. Dúdú náà rìn lọ bí arúgbó, ó dúró létí ihò, ó ronú, ó sì jábọ́ sínú rẹ̀. Crail ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ohun tí Crail sọ fún un kò wọ̀ ọ́ létí, nítorí Mọ́mì ti ń pariwo Jésù láti ìlà kejì, Títílọpẹ́ sì ti gbàgbé pé máìkì wà lọ́wọ́ òun.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí wọ́n padà dé Taradale. Afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti fẹ́ lọ́sàn-án, snow ti yọ́, omi ń ṣàn lójú títì. Gbogbo èyí tí Kànmí rẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ti dà sílẹ̀, kòtò náà sì la ẹnu sí wọn látòkèèrè. Kò sẹ́ni tó wọlé. Wọ́n yí mọ́tò náà ká bí ìgbà tí wọ́n wá wo aláìsàn.

Títílọpẹ́ fi ọwọ́ pa á. “Ọmọ mi,” ló wí. Kànmí tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

“Ẹ dúró ná,” ni Mọ́mì wí. Mọ́mì gbé agolo búlúù náà sókè. Wọ́n fi ìka kàn án, ó ró pọ́pọ́. “Ike fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ yìí ló ṣe irú èyí sí irin?”

Gbogbo wọn wo agolo náà. Kò tilẹ̀ ní egbò lára. Kànmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo kòtò náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì rí àwọ̀ ìyeyè kan tó lẹ̀ mọ́ ọn nínú, irú èyí tí wọ́n ń kùn sára òpó ibi ìgbọ́kọ̀sí.

“Ẹ gbọ́,” ni Adégbénga wí. Ohùn rẹ̀ kéré. “Kì í ṣe Kànmí. Èmi ni. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí mọ́tò mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́. Mo lu òpó kan. Mo wá páàkì ẹ̀ kí apá yẹn kọjú sí fẹ́ǹsì. Mo fẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó tó mọ̀.”

“Lọ́sàn-án yìí ńkọ́?” ni Kànmí bi í. “Tí mo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mò ń bẹ̀bẹ̀?”

“Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹnu mi kò gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí o dìde níbẹ̀ yẹn, tí o ní o fara kan bọ́ọ̀lù tẹ́nikẹ́ni ò rí...” Adégbénga mi orí. “Àbúrò mi, mi ò lè gbé e mọ́.”

Ó yẹ kí inú bí Kànmí. Ó wá a nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ẹ̀rín ló ń bọ̀, ó sì ń fi eyín há a mọ́lẹ̀, nítorí ó ti rí ojú Títílọpẹ́. Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lára mọ́tò. Ó mí sínú, ó mí gidi, bó ṣe máa ń mí kó tó gbé máìkì. Ọdún méjìlá ló ti wà nílé ọkọ, Dádì Tamí ló ń pe ọkọ rẹ̀, kó tó bímọ Olówó orí mi ló ń pè é, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e lẹ́nu rẹ̀ rí.

“ADÉGBÉNGA!”

Fèrèsé ilé kejì ṣí. Ajá kan bẹ̀rẹ̀ sí gbó lópin àdúgbò. “Adégbénga Akínrẹ̀mí! Ìwọ! O dúró síbẹ̀, o ń mu omi!”

Mọ́mì fi ọwọ́ kan di Tamí mú, wọ́n fi ọwọ́ kejì fa Kànmí lápá, wọ́n sì doríkọ ilẹ̀kùn ilé kíákíá.

“Ẹ jẹ́ ká wọlé,” ni Mọ́mì wí. “Èyí kì í ṣe ti káàdì o.”